Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń kọ́ físíìsì ní Ìbàdàn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ synchrotron, ẹ̀rọ tó ń sáré electron yípo, tó tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù Liberty lọ, nítorí X-ray, nígbà tí X-ray wà ní UCH. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ń fi electron lu tungsten ni. Bí a bá pín agbára tó wọ ibẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, èyí tó ń di X-ray kì í pé ìdá kan. Ooru ni ìyókù. Ìwọ̀nba tó jáde náà á tún fọ́n káàkiri. Ó tó fi wo eegun tó ṣẹ́, kò tó fi wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú prótéènì.

Wo Micra tó bá rì sínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Bí táyà ṣe ń yí ni ẹrẹ̀ ń ta kúrò létí rẹ̀, ẹni tó bá dúró sójú ọ̀nà ló máa bà. Bí òòfà bá tẹ ọ̀nà electron tó ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán ṣe ń ta síwájú rẹ̀, tín-ín-rín. Ní 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí i, ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Schenectady, ní Amẹ́ríkà. Òfò ni àwọn onímọ̀ físíìsì kà á sí, torí agbára electron wọn ló ń bá a lọ. Nígbà tó di 1974, àwọn mìíràn ti ń bu òfò yẹn lò lára SPEAR, òrùka electron kan ní Stanford, ní Amẹ́ríkà.

Lónìí, torí ìtànṣán náà gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ní Diamond, synchrotron kan ní Oxfordshire, ní England, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á ti electron dé 100 MeV (mílíọ̀nù electron-volt 100, òṣùwọ̀n agbára), èkejì á gbé e dé 3 GeV (bílíọ̀nù mẹ́ta), á wá wọ òrùka tó jẹ́ mítà 562 yípo.

Undulator ló dùn mọ́ mi jù: òòfà ìlà méjì tó dojú kọ ara wọn, àríwá, gúúsù, àríwá, gúúsù, tí electron ń jó kọjá láàárín wọn. Mú ẹ̀rọ 6 GeV bíi ti Grenoble, ní France. Gamma rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí agbára electron fi ju èyí tó ní nígbà tó dúró jẹ́ẹ́ lọ, jẹ́ nǹkan bí 11,700. Bí òòfà bá ń tún ara rẹ̀ ṣe ní mílímítà 20, pín 20 yẹn sí gamma lẹ́ẹ̀mejì, kí o tún pín in sí méjì: wàá rí gígùn ìgbì X-ray tó ń jáde, nǹkan bíi nanómítà 0.07, ó kéré ju àlàfo átọ́ọ̀mù méjì lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣì nìyí: bí o bá sún àwọn òòfà mọ́ra, agbára wọn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìgbì X-ray ń gùn sí i ni, kì í kúrú.

Afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù nínú òrùka á máa tú electron ká. Bí ẹ̀rọ rédíò tó ń dá agbára wọn padà bá kú, kí o tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti lu ògiri. Ooru ìtànṣán á wú kírísítálì sílíkọ́nì tó ń ṣa ìgbì tí a fẹ́ nínú rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń fi nitrogen olómi tù ú: ní nǹkan bí −148 °C, sílíkọ́nì kì í wú, kì í sún kì.

Bí ìyẹ̀fun ni ìwọ fẹ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n fi X-ray ibẹ̀ wò ó, lọ̀ ọ́ kúnná. Èyí tó bá ní hóró á fún ọ ní àwòrán X-ray tí òrùka inú rẹ̀ kún fún àmì tótòtó. Bí kírísítálì prótéènì ni, −173 °C ni kó wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ X-ray á ti bà á jẹ́ kí o tó rí ohun tí o wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.