Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn dé Òkèmẹ̀sí

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ 14, oṣù Kínní, 2025

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn o, ìwọ àti ará ilé rẹ lápapọ̀. Mo ti lọ sílé, mo sì ti padà dé láyọ̀. Mi ò wọ mọ́tò. Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn láti Ìbàdàn títí dé Òkèmẹ̀sí, èmi nìkan, mo di àgọ́ àti ẹní mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé Màmá ti ròyìn fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an.

Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Ìkirè àti Àpòmù kọjá ni mo tọ̀, nítorí eré tí àwọn tírélà ń sá lórí márosẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́. Mo ra dòdò ní Ìkirè. O rántí rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà, tí wọ́n pò mọ́ ata, tí wọ́n dín títí tó fi dúdú, tí wọ́n wá pọ́n sínú ewé. Òun ni mo ń jẹ lọ títí mo fi dé Gbọ̀ngán.

O máa béèrè bóyá ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ̀rù bà mí. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé, ta ni yóò pa àgọ́ sínú igbó láìsọ fún ẹnì kan? Ọ̀sán nìkan ni mo fi ń gùn ún. Tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lù, mo ti wọ ìlú, mo ti ń béèrè ilé baálẹ̀ tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa dọ̀bálẹ̀, mo máa sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí mo ń lọ, mo máa ní ilẹ̀ díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti lé mi. Àgọ́ yẹn ni wọn kì í fẹ́ gbà: wọ́n á ní yàrá wà, ibùsùn wà, kí ló dé tí ọmọ ènìyàn á fi sùn síta? Tí mo bá sì ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n á mú omi àti oúnjẹ wá. Iná igi ni mi ò dá rárá. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko, ìṣáná kan ṣoṣo tó láti jó oko kòkó olóko. Sítóòfù gáàsì kékeré ni mo fi ń se tíì láàárọ̀.

Kòkó ni mo tún fẹ́ sọ. Láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n sá a sí, lórí tapólì, lórí ẹní, lórí kọnkéré iwájú ilé. Nínú mọ́tò, fèrèsé ti gbé òórùn rẹ̀ lọ kí o tó mọ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, ó ń bá ọ lọ ni, òórùn kíkan tó máa ń wà lára aṣọ àwọn bàbá wa nígbà tí wọ́n bá ti oko dé. Àwọn àgbàlagbà jókòó tì í, wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ olè, nítorí owó rẹ̀ lágbàáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́dún tó kọjá. Inú mi dùn. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń yí kòkó nínú oòrùn, irú èyí tí mi ò rí mọ́ láti ọdún pípẹ́.

Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí mo sùn kí n tó gun òkè, bàbá kan jáde láàárọ̀ wá wo kẹ̀kẹ́ mi. Kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn, ó mi ẹrù mi wò, ó wá tú gbogbo okùn rẹ̀. Ó gbé omi àti sítóòfù sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó gbé aṣọ sókè, ó sì fi rọ́bà túùbù àtijọ́ dì í, ó ń fà á, ó ń fẹsẹ̀ tì í, títí ó fi le gbagidi. Ó ní Raleigh lòun fi ń kó àpò kòkó lọ sí Iléṣà nígbà tí òun wà lọ́mọdé. "Ẹrù tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni àyè ẹ̀. Òkè tí o ń lọ yẹn, tí ẹrù bá wà lókè, ó máa fà ẹ́ sẹ́yìn ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ní ó tó.

Òótọ́ ló sọ. Láti ibẹ̀ lọ sí Ìtawúrè, mo gùn, mo sọ̀, mo tì í, mo tún gùn. Bàbá Ìbejì, a ò mọ bí ilé wa ti ga tó! Mọ́tò ló ń gbé wa gòkè láti kékeré, a máa ń sùn lọ. Nígbà tí mo yà ní Ìtawúrè, tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi ká lọ́tùn-ún lósì, ìlú wa wà nínú wọn bí ẹni tó jókòó sínú abọ́. Ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà láàárín àwọn òkè wọ̀nyí, ló wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dún 1877 ló bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà títí di 1886. Ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa ní orúkọ àwọn jagunjagun wa, Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé, wọn ò kọ́ wa ní òkè. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kó àwọn ọmọ ìsinsìnyí jáde kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn ín. Ìgbà tí itan bá ń dun ènìyàn ló máa mọ ohun tí ọmọ ogun tó ru ìbọn àti oúnjẹ rí níbẹ̀.

Màmá pariwo nígbà tó rí mi. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti gba mọ́tò lọ́wọ́ mi! Ó gún iyán, ó se ẹ̀fọ́, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé yín ni mo pa àgọ́ sí. Ó jà, ó jà, ó gbà. Ara rẹ̀ le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń dùn ún tí òtútù bá mú. Páànù yàrá ìdáná ti ń jò o, kí òjò oṣù Kẹta tó dé, jọ̀ọ́ fi owó ránṣẹ́. Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀.

Tí o bá wá lóṣù Kejìlá bí o ṣe ṣèlérí, má wọ mọ́tò kọjá Iléṣà. Mo máa wá kẹ̀kẹ́ kejì, a jọ máa gun ibi tó kù. Bá mi ra túùbù táyà 26 méjì àti bíréèkì ẹ̀yìn, èyí tó wà lára rẹ̀ ti jẹ tán nígbà tí mo ń sọ̀. Kí ìyàwó rẹ àti àwọn ìbejì. Kí o sì pe Màmá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ó ní o kì í jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán kí o tó gé fóònù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Bọ́lá