Ẹ Má Fi Sìmẹ́ǹtì Rẹ́ Ògiri Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Bí ìwé ìròyìn bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn 667 náà ni wọ́n máa ń kà fún wa. Kò burú. Ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún, ní àfonífojì tó wà láàárín àwọn àpáta ńlá, ìlú tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀: ààfin Ọwá tí í ṣe ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àwọn ojúbọ. Láti 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ń dábàá fún UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààfin náà, amọ̀ ló sì yẹ kí á máa fi tún un ṣe.

Kí ògiri alámọ̀ ṣáà ti sán, sìmẹ́ǹtì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Òun gan-an ló ń pa á. Ògiri máa ń fa omi sókè láti ilẹ̀, amọ̀ á sì jẹ́ kí omi náà gbẹ síta. Bí sìmẹ́ǹtì bá ti bò ó, omi ò ríbi gbà mọ́, inú ògiri á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ohun tí a rẹ́ mọ́ ọn yóò fi ṣí já lulẹ̀, tòun ti amọ̀ tó dì mọ́ ọn. Ẹ wá rò ó wò: kí ènìyàn ru àpò 50 kílò gun àtẹ̀gùn 667, kó lè lọ ba ògiri jẹ́!

Amọ̀ tó ti wó sí ẹsẹ̀ ògiri náà ló dára jù. Ẹ fọ́ ọ, ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ bomi sí i, ẹ fẹsẹ̀ pò ó, kí ẹ sì bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ lẹ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan mọ́ ògiri wò. Bí ó bá gbẹ tó sán, ẹ fi iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ kún un. Bí ó bá ń rún bí ẹ ṣe ń fọwọ́ ra á, iyanrìn ti pọ̀ jù. Ẹ ha ibi tó ti yọ́ dànù, ẹ wọ́n omi sí ògiri kó tutù, kì í ṣe kó máa ṣàn. Ìpele kan kò gbọdọ̀ nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Ihò tó bá jìn, ti ìṣáájú gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó dé. Oṣù kọkànlá ló dára. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú, ojú rẹ̀ á yára gbẹ, á sì sán, àfi bí ẹ bá fi ẹní tútù bò ó.

Òjò ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá jà. Lórí àpáta, omi ò ráyè wọlẹ̀, àgbàrá ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá sí òkè ilé, kó darí omi gba ẹ̀gbẹ́. Kí etí páànù yọ kọjá ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa ta sí ẹsẹ̀ ògiri, á jẹ ẹ́ wọnú, ògiri á sì wó láti ìsàlẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì le koko. Ibi tó tutù yẹn náà ni ikán ń gbà gòkè lọ bá igi òrùlé.

Kí wọ́n má gbé iṣẹ́ yìí fún kọngílá tí kò mọ̀ ju búlọ́ọ̀kù lọ. Àwọn tó mọ amọ̀ ọ́n pò ni kí wọ́n wá láàárín ìlú àti ní àwọn abúlé oko kòkó tó yí i ká, kí wọ́n sì máa sanwó fún wọn lọ́dọọdún, nítorí gbogbo ìgbà tí òjò bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ni ògiri alámọ̀ ń fẹ́ àtúnrẹ́.

Òǹkàwé yín,
Ìdànrè