Príńtà yín ò tíì kú, kọ̀ǹpútà ni ò rí i

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ príńtà ló gbé mi wá, ìyẹn èyí tí kò lo wáyà, tó jẹ́ pé Wi-Fi ló ń gbà. Ẹ óò fi sílẹ̀ lálẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kọ̀ǹpútà óò ṣe àpúdéètì lóru, tó bá di àárọ̀ príńtà ò ní dá yín lóhùn mọ́. Ó ti ṣe mí rí, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀, ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú wọn ló ti lọ ra òmíràn nígbà tó jẹ́ pé nǹkankan ò ṣe èyí tó wà nílẹ̀.

Olùkọ́ ni mí. Ìbéèrè ìdánwò ni mo fẹ́ tẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ọjọ́ kejì làwọn ọmọ sì máa jókòó ṣe é. Mo tan kọ̀ǹpútà, ó ní òun ti ṣe àpúdéètì tán, mo ní ó dáa, mo tẹ Print, kò sóhun tó jáde, mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀, ìgbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ príńtà báyìí, Offline ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ò rí i. Iná ń tàn lára príńtà yìí níwájú mi o! Mo pa á, mo tàn án, mo pa ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, mo tún tàn án, kò gbọ́. Ẹnì kan tí mo pè ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ó ti kú nìyẹn, kí n lọ ra tuntun. Ọkàn mi ò gbà á. Ọmọ kan tó jókòó tì mí ló ní kí n fi fóònù mi gbìyànjú ẹ̀ wò ná. Mo fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ láti orí fóònù, ìwé sì yọ jáde wẹ́rẹ́.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Tí fóònù bá lè tẹ ìwé lórí Wi-Fi kan náà, a jẹ́ pé ara príńtà le, ráútà náà ò lábùkù, ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà lọ bá príńtà ló dí. Mo ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí, fóònù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kẹ́ ẹ tó pa nǹkankan rẹ́, torí òun ló máa sọ fún yín apá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti wá ọ̀rọ̀ náà. Tí fóònù náà ò bá rí i, ẹ jẹ́ á yíjú sí príńtà fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá Wi-Fi tó wà lórí ẹ̀ ni Wi-Fi tẹ́ ẹ̀ ń lò, torí ọ̀pọ̀ príńtà ló jẹ́ pé Wi-Fi ti 2.4 GHz nìkan ló gbọ́, tí wọ́n bá gbé e lé ti 5 GHz tó yára jù ú lọ, kò ní rí i rárá.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀nà tó ń dí yẹn dáadáa torí òun gan-an làwọn èèyàn ò mọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wà lórí Wi-Fi ló ní nọ́ńbà tí ráútà fún un, àdírẹ́sì IP ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà yìí kì í sì í ṣe ti ayérayé, ráútà lè gbà á padà kó fún ẹ̀rọ míì, pàápàá tí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n tún tàn án. Kọ̀ǹpútà tó bá ti kọ nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀ fún príńtà yóò máa kan ilẹ̀kùn ilé tí ẹni tó ń wá ti kó kúrò níbẹ̀. Ohun tó ṣe tèmi gan-an nìyẹn. Mo ní kí príńtà tẹ ojú ìwé tó ń sọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ príńtà ló ní in nínú mẹ́nù wọn, mo rí i pé 23 ni nọ́ńbà ẹ̀ parí sí, kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ ṣì di 17 mú. Mo tẹ nọ́ńbà tuntun yẹn síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí nínú bùráúsà, ojú ewé príńtà náà ṣí, tó ń sọ iye yíǹkì tó kù. Kọ̀ǹpútà lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ nígbà náà, nọ́ńbà àtijọ́ ló kàn dì mú.

Mo wá yọ príńtà náà kúrò nínú Settings pátápátá, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi kún un padà, mo mú èyí tó ní kí n fi nọ́ńbà IP fi kún un, ó gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo wọ inú ráútà, mo ní kó fi nọ́ńbà yẹn pa mọ́ fún príńtà yìí nìkan, kó má fún ẹlòmíì mọ́. Àtìgbà yẹn kò tíì sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń jẹ́ ti nọ́ńbà o. Àpúdéètì lè jẹ́ kí Windows bẹ̀rẹ̀ sí í ka Wi-Fi ilé yín sí ti ìta, Public ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà á máa fara pamọ́ fún àwọn ẹ̀rọ tó kù, ẹ yí i padà sí Private. Ó tún lè dá príńtà kan náà sí méjì, tí ìkejì á máa jẹ́ Copy 1, tíwèé yín á wá máa lọ sọ́dọ̀ èyí tí kò sí. Tí VPN, ìyẹn áàpù tó ń darí ìntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà míì, bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa á ná. Iṣẹ́ tó há náà wà, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ rán tí kò jáde tí kò sì ṣeé parẹ́, ẹ lọ sí Services, ẹ wá Print Spooler, òun ló ń to àwọn ìwé tẹ́ ẹ rán sí príńtà, ẹ dá a dúró, ẹ wọ inú fódà C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ dànù ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan fódà yẹn fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tan Print Spooler padà. Àwọn tó ń lo Mac, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gbà kí áàpù rí àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Local Network, láti macOS Sequoia ti 2024 ni wọ́n ti ń béèrè ìyọ̀ǹda yẹn, ẹni tó bá sì ti tẹ pé òun ò gbà láìmọ̀, áàpù yẹn lè má rí príńtà.

Ẹ tún lè béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ pé fóònù kì í sábà ní ìyọnu yìí. Fóònù kì í sábà lo driver, ìyẹn ètò tí iléeṣẹ́ tó ṣe príńtà kọ kí kọ̀ǹpútà lè bá a sọ̀rọ̀, ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ príńtà tuntun gbọ́ ló ń gbà, IPP, òun ni AirPrint, ọ̀nà tí fóònù Apple ń gbà tẹ̀wé, dúró lé láti 2010. Driver lọ́tọ̀ ọ̀tọ̀ ló máa ń bá àpúdéètì jà lórí kọ̀ǹpútà. Ní 2023 Microsoft fúnra wọn kéde pé díẹ̀díẹ̀ làwọn máa jáwọ́ nínú pínpín driver àwọn iléeṣẹ́ príńtà gba Windows Update, káwọn èèyàn máa lo IPP tó ti wà nínú Windows. Inú mi dùn sí i, tí príńtà yín ò bá ti pẹ́ jù, Microsoft IPP Class Driver ni kẹ́ ẹ fi gbìyànjú kẹ́ ẹ tó máa wá driver kiri.

Mi ò wá fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ká ti àpúdéètì pa. Lóòótọ́, ní oṣù kẹta ọdún 2021 àpúdéètì kan jáde tó jẹ́ pé téèyàn bá ti tẹ Print lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù, iṣẹ́ á dúró, wọ́n sì ní láti tètè gbé àtúnṣe jáde. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ihò kan yọ lára Print Spooler tí wọ́n pè ní PrintNightmare, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè gba gbogbo kọ̀ǹpútà náà mọ́ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde, wọn ò tiẹ̀ dúró de Túsìdeè kejì oṣù tí wọ́n máa ń gbé àpúdéètì jáde. Ẹni tó bá ti ti àpúdéètì pa nítorí ìbínú ti oṣù kẹta, inú ewu ńlá ló wà. Tó bá wá dá yín lójú pé àpúdéètì kan pàtó ló bà á jẹ́, ẹ yọ ọ̀kan yẹn nínú Update history, kẹ́ ẹ dá tó kù dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó tó.

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ni mo wá ń bá wí báyìí, kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde káwọn náà lè kà á. Kí ló dé tó jẹ́ Offline nìkan lẹ lè kọ síbẹ̀? Nọ́ńbà ìbáà yí padà, iṣẹ́ ìbáà há, Wi-Fi ìbáà di Public, iná príńtà ìbáà kú, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ̀ ń kọ, ẹni tó bá sì rí i á rò pé príńtà òun ti bàjẹ́, á gbé e jù sẹ́yìn ilé, á lọ náwó tí kò yẹ kó ná. Kọ̀ǹpútà mọ nọ́ńbà tó kàn tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ẹ jẹ́ kó kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ kó sì sọ pé ibí lòun wá a dé. Ká ní mo rí 17 yẹn lójú kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò bá ti tẹ ìbéèrè àwọn ọmọ yẹn tán kó tó di aago mẹ́jọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín