Bá Mi Pe Ìyá Rẹ

Ìdèrè, Ìbàràpá.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Òtútù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kọjá ohun tí èèyàn ń fi ìkánjú sọ lórí fóònù, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ṣìkẹ́mi ti bímọ, obìnrin ni, bí o ṣe sọ náà ló rí. Bàbá Káyọ̀dé ti kó wọ ilé tuntun. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa lọ́dún yìí. Ó tán. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo bá wá.

O mọ̀ pé èmi ni àdúgbò yàn láti máa pín oògùn inárun, àrùn aràn abẹ́ awọ tó ń fọ́ni lójú. Kì í ṣe ìjọba ló yàn mí. Ojúde Baálẹ̀ la ti jókòó, tí wọ́n ní Àdùnní mọ̀wé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Kò sówó oṣù níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́kàn. Mo ní ìwé tí orúkọ gbogbo agboolé wà, mo sì ní ọ̀pá tí a fi ń wọn èèyàn. Bí èèyàn bá ṣe ga sí ni oògùn rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí, láti hóró kan dé mẹ́rin. Ọmọ tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 kò ní lò ó, aboyún náà kò ní lò ó. Kí o wá wo àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń na ọrùn nídìí ọ̀pá!

Bí mo ṣe yọ sí agboolé yín lọ́dún yìí, ìyá rẹ wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àbúrò rẹ ní wọ́n ti lọ oko. Mo sì ń gbọ́ ikọ́ wọn! Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi jáde. Wọ́n ní èyí tí àwọn lò kọjá, ara ló fi yún àwọn mọ́jú, ojú àwọn wú. "Àdùnní, ẹni ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó máa ń yún. Àwọn ọmọ aràn wẹ́wẹ́ abẹ́ awọ ló ń kú, ikú wọn ló ń fa ìyún náà, kì í sì í pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kì í pa ìyá aràn. Ìyẹn lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú ara, kó máa bímọ lọ. Ìdí tí a fi ń lò ó lọ́dọọdún nìyẹn. Bí èèyàn bá dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ aràn á tún máa rìn lọ sínú ojú. Ìwọ náà mọ ẹni tó ń fa ọ̀pá Bàbá Olódò kiri. Ìyá rẹ sì ń dáko létí odò títí di òní, níbi tí omi ti ń sáré, tí eṣinṣin tó ń gbé àrùn yìí kiri pọ̀ sí.

Àwọn kan ní ohun ọ̀fẹ́ kì í dára. Ọdún 1987 ni iléeṣẹ́ Merck ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi oògùn yìí ta wá lọ́rẹ, wọn ò sì tíì yẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Màmá, ta ló ń rán asẹ́ omi mímu nígbà sòbìà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àpá ibi tí aràn sòbìà ti yọ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 600,000. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn tó ń wò ó. Àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn wá síbí, àwọn ará ilé fúnra wọn ń rán asẹ́, wọ́n ń kìlọ̀ kí ẹlẹ́gbò má wọ odò. Ọ̀gágun Gowon pàápàá ń wọ abúlé kiri nítorí ẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní Enugu. Àwọn ọmọ mi ò mọ sòbìà, àfi nínú òwe. Ìyá rẹ wà lára àwọn tó lé e lọ.

Síbẹ̀ wọn ò gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Ìyálé ilé ni wọ́n. Àwọn ìyàwó ilé ti ń sọ fún mi pé kí n padà wá lọ́la.

Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n. Alẹ́ ni kí o pè, tí wọ́n bá ti jẹun tán. Jẹ́ kí wọ́n ro ẹjọ́ ara yíyún náà tán kí o tó sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá lò ó, ọ̀dọ̀ wọn ni n ó sùn, nọ́ọ̀sì á sì fún mi ní oògùn ara yíyún dání. Ìparí oṣù la máa dá oògùn inárun tó bá ṣẹ́kù padà. Bí wọ́n bá ti gbà, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí n lè débẹ̀ kí wọ́n tó jí lọ oko.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùnní