Sí ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ya fọ́tò kiri ìgboro Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n mú ọ̀kan nínú yín wá bá mi nílé, ètè rẹ̀ wú, dígí kámẹ́rà rẹ̀ sì ti fọ́. Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ti lù ú. Ó ya fọ́tò ìyá alábàárù kan tó jókòó lórí ẹrù, tó ń sunkún, tó sì ń fi etí ìró nu imú. Ó gbé e sí Instagram, ó sì kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí abẹ́ rẹ̀ nípa ìyà tó ń jẹ ará Èkó. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ní àna, ó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹrù ló ń rù. Nígbà tí ọmọkùnrin náà padà sí ọjà, wọ́n ti ń dúró dè é.

N kò gbè sẹ́yìn àwọn tó lù ú. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tí mo bi í ní orúkọ ìyá náà, kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ iye ènìyàn tó fẹ́ràn fọ́tò náà, kò mọ orúkọ ẹni tó ni ojú tó wà nínú rẹ̀.

Múṣin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní 1974. Kámẹ́rà Yashica ni ọ̀gá mi ń lò, fíìmù rẹ̀ kan kò sì gbà ju fọ́tò 12 lọ, nítorí náà a máa ń wo ènìyàn títí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Àyà ni kámẹ́rà yẹn máa ń wà, òkè rẹ̀ ni a sì ti ń wo àwòrán, tí ọ̀tún á di òsì, tí òsì á di ọ̀tún. Ayafọ́tò ní láti tẹrí ba kó tó lè ríran. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà á rò pé òun là ń kí, á sì dá wa lóhùn. Akinbode Akinbiyi, ayafọ́tò tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó sì ń gbé ní Berlin, irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ náà ló fi ń ya Èkó, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ojú olójú lẹ ń na fóònù sí.

Ẹ ń sọ fún mi pé ìta gbangba ni, pé òfin kò dè yín. Ta ló ń bá yín sọ òfin? Ní Òṣòdì, dáńfó gbá ọmọ kan lójú mi, fóònù mẹ́fà ti gòkè kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè omi!

Ẹ tún ní bí ẹ bá kọ́kọ́ tọrọ àyè, ojú ẹni náà kò ní rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ẹ dúró, nígbà náà. Bí ẹ bá wọ Bàlógun, ẹ ní "ajé á wọ igbá o", ẹ ra nǹkan díẹ̀, ẹ jókòó. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbàgbé yín. Bí ẹ bá sì ti yà á tán kí ẹ tó kí i, ẹ fi hàn án. Bó bá ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, láti 1968, ya irun dídì àwọn obìnrin tó tó bí ẹgbẹ̀rún kan, ẹ̀yìn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ orí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ta ló sọ pé ẹwà wọn dín kù?

Èmi náà kò mọ́. Ní oṣù January 1977, nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, mo ya ọkùnrin kan tó sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì ní Ìgànmú, tó la ẹnu sílẹ̀, bàtà rẹ̀ lábẹ́ orí. Mo ta fọ́tò náà fún ìwé ìròyìn kan, mo sì fi owó rẹ̀ ra ṣòkòtò. Ọlọ́dẹ ni ọkùnrin náà. Ọ̀gá rẹ̀ rí ìwé ìròyìn, ó lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá mi dé ṣọ́ọ̀bù wa, mo ti múra ìjà, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó ní kí n fọ ẹ̀dà kan fún òun, nítorí òun kò tíì ní fọ́tò rí láyé òun. Mo fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi náà nínú yàrá òkùnkùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé bàbá arúgbó kò mọ ohun tuntun. Ìwé ìròyìn tèmi, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti fi wé àkàrà. Tiyín kì í wé nǹkan kan, kì í sì í gbó.

Ọmọkùnrin yẹn ti pa fọ́tò náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbé e kiri kò lóǹkà. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti òun yóò lọ sí Ìdúmọ̀tà láti lọ bẹ ìyá náà. A ti rí ẹni tó mọ ilé rẹ̀, a sì ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí. Lánàá ni ọmọkùnrin náà wá bi mí bóyá òun lè gbé kámẹ́rà dání.