Ẹ tètè béèrè ibi tí dátà ti wá

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè ká bá àwọn tó ń gbèrò láti pe àpérò lórí sọ́fítíwíà àjọlò sọ̀rọ̀, ìyẹn wiki (ojúlé tí èèyàn púpọ̀ jọ ń kọ), Facebook, WhatsApp àti irú wọn tí èrò fi ń tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n sì fi ń pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́. Gbọ̀ngàn àti àlejò pàtàkì ni ọ̀pọ̀ olùṣètò kọ́kọ́ ń sáré lé. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí olùwádìí ń kó jọ láti yẹ̀ wò, ló yẹ kó ṣáájú, torí ibẹ̀ ni irú àpérò yìí ti sábà máa ń dàrú.

Olùwádìí kọ́ ló ni dátà náà. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀, àwọn èèyàn ló sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) kéde pé API òun, ìyẹn ọ̀nà tí sọ́fítíwíà míì fi ń gba dátà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ti CrowdTangle pa, irinṣẹ́ tí àwọn olùwádìí fi ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tàn ká lórí Facebook àti Instagram. Iṣẹ́ tó dúró lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè má ṣeé tún ṣe mọ́. Nítorí náà, kí ìpè fún àpilẹ̀kọ béèrè ìpínrọ̀ kan ní dandan: níbo ni wọ́n ti kó dátà, lọ́jọ́ wo, àṣẹ ta ni wọ́n gbà, ṣé ẹlòmíì lè rí i? Ẹni tí kò bá dáhùn, ẹ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà kí aṣàgbéyẹ̀wò kankan tó fojú kàn án.

Ti Wikipedia rọrùn díẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè gba àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kò ní ká máa kígbe orúkọ onílé. Ní ọdún 2006, AOL, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, kó ohun tí nǹkan bí 650,000 èèyàn wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì síta, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn oníròyìn New York Times fi dá obìnrin kan mọ̀ láti inú ohun tó ń wá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí olùwádìí bá kọ sójú síláìdì tí wọ́n ń tàn sára ògiri gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín ṣe sọ ọ́: ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè tẹ̀ ẹ́ sínú Google, kí orúkọ jáde. Kí àwọn òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ ara wọn tún un sọ.

Ẹ máa ka oṣù sẹ́yìn láti ọjọ́ àpérò. Kí ìpè jáde ní oṣù 9 ṣáájú, kí gbèdéke jẹ́ oṣù 6 ṣáájú, kí èsì sì dé ọwọ́ òǹkọ̀wé ní oṣù 4 ṣáájú, torí ẹni tó fẹ́ gba físà kò lè rìn láìsí lẹ́tà yín. Bí àpilẹ̀kọ 60 bá wọlé, tí èèyàn 3 yóò ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, àgbéyẹ̀wò 180 nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ka 4, èèyàn 45 lẹ nílò. Ẹ pe 60, torí àwọn kan yóò kọ̀, àwọn kan yóò sì gbà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbúròó wọn mọ́ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Àwọn wo lẹ máa pè? Ibí yìí gba ìṣọ́ra, torí ẹ̀ka ìmọ̀ méjì ló ń pàdé níbẹ̀. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà á ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 12 kéré jù. Onímọ̀ àwùjọ á ní kíka mílíọ̀nù kan àtẹ̀jíṣẹ́ kò sọ ìdí tí wọ́n fi kọ wọ́n. Òṣùwọ̀n wọn ló yàtọ̀. Ẹ kọ èyí sínú ìtọ́sọ́nà fún wọn, kí ẹ sì rí i pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ ẹ̀ka méjèèjì. Ọ̀tọ̀ tún ni ti ìtẹ̀jáde. Lójú onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àkójọ iṣẹ́ àpérò jẹ́ ìtẹ̀jáde tó pé. Onímọ̀ àwùjọ ń fẹ́ jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, jọ́nà sì lè kọ̀ láti gba iṣẹ́ tó ti jáde tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà méjì ni kí ẹ là: àpilẹ̀kọ olójú-ìwé 10 tí ẹ máa tẹ̀, àti àṣamọ̀ (àkékúrú iṣẹ́) olójú-ìwé 2 tí ẹ kò ní tẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì àwọn tí ẹ ń retí kò ní wá.

Ní ti ètò ọjọ́ náà, ẹ má ṣe kó iṣẹ́ 4 sínú ìṣẹ́jú 90. Ẹ fi 3 síbẹ̀, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí 45 tó kù jẹ́ ti ìbéèrè. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ má ṣètò ohunkóhun ṣáájú: ẹ lẹ ìwé òfìfo mọ́ ògiri láàárọ̀, kí ẹni tó ní ìbéèrè kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ pín yàrá àti àkókò, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ àbọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó tú ká.

Ó ku Wi-Fi. Èèyàn 150 tó mú fóònù àti kọ̀ǹpútà wá di ẹ̀rọ 300. Ẹ má bi onígbọ̀ngàn pé ṣé ó yára. Ẹ bi í pé ẹ̀rọ mélòó ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi sọ́fítíwíà han èrò, kí ó ti ya fídíò rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Àwa ni,
Ẹgbẹ́ olùṣètò àpérò kan