Òótọ́ Ni, Mo Fẹ́ Du Ipò Káńsẹ́lọ̀

Èbúté Mẹ́ta,
Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo gbogbo ojúde yín ní Kánádà. Ooru ló ń pa àwa níbí, iná sì ń ṣe ségesège bó ti máa ń ṣe.

Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, òótọ́ ni. Mo fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Mo gbọ́ ẹ̀rín tó o rín lórí fóònù, mo sì gbọ́ ìbéèrè tó tẹ̀lé e: "Káńsẹ́lọ̀ kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀?" Jẹ́ kí n fi lẹ́tà dá ọ lóhùn, torí lórí fóònù, o kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán.

Gọ́tà ló wà níbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. O mọ bí àdúgbò wa ṣe máa ń rí tí òjò oṣù kẹfà bá dé. Láti ìgbà tí mo ti di akọ̀wé CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwa la ń dáwó kó gọ́tà, àwa la ń dáwó tún tiransifọ́mà ṣe, àwa náà la ń sanwó ọdẹ tó ń ti géètì lálẹ́. Ilé kan á san, ilé méjì á ní ká padà wá lọ́la. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ kedere: gọ́tà, títì àdúgbò, iná ojú pópó, ọjà, gáréèjì, ìdọ̀tí kíkó, ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò. Láti ìwé ìbí ọmọ títí dé ibi tí wọ́n máa sin òkú sí, káńsù ló wà fún. Kódà láísẹ́ńsì bárò wà níbẹ̀! Àwọn alábárò Oyíngbò kò mọ̀ pé òfin ti dárúkọ wọn.

Lóòótọ́, alága ló ń náwó, kì í ṣe káńsẹ́lọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yẹ ìwé ìṣúná wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìdí ìwé yẹn ni mo fẹ́ jókòó sí. Mo fẹ́ rí iye tí wọ́n kọ síwájú gọ́tà wa, kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí a ti ń ṣèpàdé, kí tọmọdé tàgbà kà á.

O ní káńsù kò lówó. Ìjà owó yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìjọba ìbílẹ̀ ogún péré ni òfin orílẹ̀-èdè mọ̀ l'Ékòó. Ní 2003, nígbà tí Tinúbú jẹ́ gómìnà, wọ́n fi àwọn káńsù ìdàgbàsókè 37 kún un, ó di 57. Ọbásanjọ́ bínú, ó sé owó mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹjọ́ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ló dájọ́ ní oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Mi ò kì í ṣọmọdé, mo mọ̀ pé ìdájọ́ ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó máa béèrè gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, wá wo ṣọ́ọ̀bù mi báyìí! Ẹnì kan fẹ́ kí n ra aṣọ ẹbí òkú ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan mú bébà owó ilé ìwé wá. Àwọn ọmọ tó ń jókòó sẹ́nu géètì, tí wọ́n ń pè mí ní Màmá, "Ọnọ́rébù" ni wọ́n ń pè mí báyìí: "Ọnọ́rébù, ẹ wá nǹkan fáwọn ọmọ yín." Omi tútù ni mo fún wọn. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Mo mọ òwe yẹn dé ìparí. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Ìgbà ìdìbò nìkan ni wọ́n ń fojú kan olóṣèlú, ohun tọ́wọ́ wọn bá bà lọ́jọ́ náà ni wọ́n kà sí èrè ìjọba. Ìyá aláta kan ní Oyíngbò ló yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Àjọkẹ́, mi ò fẹ́ ìrẹsì. Ibi tí mo lè tọ̀ sí láìsanwó ni mo fẹ́."

Bàbá àgbà kan tún bi mí pé ta ni bàbá ìsàlẹ̀ mi. Mo ní mi ò ní. Ó ní, "Á jẹ́ pé eré lò ń ṣe."

Mi ò rí i já ní koro. Òfin wa kò gba kéèyàn díje láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú. Nínú ìdìbò káńsù ọjọ́ kejìlá oṣù keje 2025, APC ló mú gbogbo alága mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó sì mú káńsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Ẹyọ kan tó kù bọ́ sọ́wọ́ PDP, ní Yábàá níbí. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì àdúgbò wa pọ̀ ju àwọn tó wá dìbò lọ. Ta ni ká bá wí? Ìpàdé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti yan ẹni tó máa wọlé. Kì í ṣe tuntun l'Ékòó: ní 1923, ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, NNDP, ló gbá ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti Èkó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ, ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló sì lè dìbò. Géètì ayé ìgbà yẹn, owó àti irùngbọ̀n. Géètì tòde òní, ìpàdé wọ́ọ̀dù. Torí náà, mo ti gba káàdì ẹgbẹ́, mo sì ń lọ sípàdé. Bí wọ́n bá ní kí n lọ dáná, mo máa ń sọ pé akọ̀wé ni mí, kí wọ́n fún mi ní ìwé àti bírò.

O ní ìdìbò 2029 ṣì jìnnà. Kò jìnnà lójú àwọn tó ń pín ipò. Bàbá Fúnmi kàn sọ pé kí n má fọwọ́ kan owó ilé ìwé ọmọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn mí lọ sípàdé tó bá pẹ́ lálẹ́.

Má fi owó ránṣẹ́, jọ̀ọ́. Wọ́n á ní Kánádà ló ń gbé mi dìde. Bá mi bẹ Màmá yín kí wọ́n bá mi dé ìpàdé wọ́ọ̀dù tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ti rí ojú wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rán mi lọ ìdí ààrò mọ́. Tí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró ṣá, ra bàtà pẹlẹbẹ kan tó nípọn nísàlẹ̀ fún mi, torí ilé sí ilé ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Nọ́ńbà ogójì ṣì ni mò ń wọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́